Orin Jẹ́jẹ́ Kì í Ṣe Ti Òyìnbó Nìkan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní Ìwàrò-Ọ̀kà, tí mo sì máa ń gbọ́ ní Ìkàrẹ́ pẹ̀lú, tí n kò fara mọ́ rárá. Bí ọmọ ilé-ìwé bá ń gbọ́ orin tí kò lariwo, tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ohùn ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń rọra wọ́ lọ bí kùrukùru orí òkè lówùúrọ̀, àgbàlagbà tó bá gbọ́ ọ á ní, "Orin òyìnbó wo lò ń gbọ́ yẹn?" Ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa tó bá gbọ́ ọ á ní, "Orin òkú nìyẹn jàre, pa á." Ẹnu wọn kò jọra, àmọ́ ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: pé ariwo ni tiwa, ìdákẹ́jẹ́ ni ti òyìnbó, pé ìlù ni tiwa, ẹ̀rọ ni ti òyìnbó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀rí, mo sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ níwájú yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rí mi àkọ́kọ́ ni àwo orin kan tí wọ́n ń pè ní Echoes, èyí tó jáde lọ́dún 1984. Wally Badarou ló ṣe é. Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1955, ṣùgbọ́n ọmọ Dàhòmì, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Benin lónìí, ni àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n mú un padà sílé. Ibẹ̀ ló ti dàgbà kó tó tún padà sí Faransé. Dàhòmì yìí kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Kétu wà, ibẹ̀ ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ibẹ̀ ni Àjàṣẹ́ wà, níbi tí èèyàn ti lè fi Yorùbá nájà láti àárọ̀ di alẹ́. N kò sọ pé ọmọ Yorùbá ni Badarou o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, ọmọ aládùúgbò wa ni, òun ló sì ṣe àwo tí à ń pè ní orin òyìnbó.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹni tó kàn ń fi ẹ̀rọ ṣeré ni, kí ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú "Pop Muzik", orin tó gba ayé kan lọ́dún 1979. Ní ìlú Nassau ní Bahamas, ó wà lára àwọn olórin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé agbohùnsílẹ̀ Compass Point, níbi tí wọ́n ti ṣe àwo Nightclubbing fún Grace Jones, èyí tó jáde lọ́dún 1981. Ó bá ẹgbẹ́ olórin Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Level 42 ṣiṣẹ́ débi pé àwọn èèyàn ń pè é ní ọmọ ẹgbẹ́ wọn karùn-ún. Lọ́dún 1989, nígbà tí Faransé ń ṣe ayẹyẹ igba ọdún tí ìyípadà ńlá ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀, òun ló ṣe orin fún ìwọ́de ńlá tó wáyé ní Paris. Èyí tó sì yẹ kó ya àwa ọmọ ilé-ìwé lẹ́nu jù lọ ni ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Àwo Fẹlá tó ń jẹ́ Teacher Don't Teach Me Nonsense, tó jáde lọ́dún 1986, Wally Badarou ló bójú tó o nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Fẹlá tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ òyìnbó! Ẹni tó bá fẹ́ pe iṣẹ́ ọwọ́ Badarou ní orin òyìnbó, kó kọ́kọ́ lọ bá Fẹlá wíjọ́.

Kí ló wá wà nínú Echoes tó fi ń fa èèyàn mọ́ra? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù oníná, irú èyí tí wọ́n ń pè ní synthesizer, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Nínú orin kan tó ń jẹ́ "Mambo", ohùn ìsàlẹ̀ kan ń rìn láìkánjú, bí àgbàlagbà tó ń gun òkè tó sì mọ̀ pé òun á débẹ̀. Ohùn mìíràn á wá rọra bà lé e, á dúró díẹ̀, á lọ. Bó bá kan "Chief Inspector", ẹsẹ̀ á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èyí tó sì ń jẹ́ "Hi-Life", orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá. Háíláìfù tí àwọn òbí wa àgbà jó ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Àkrà, òun ni Badarou gbé sórí ẹ̀rọ. Òyìnbó wo ló ni háíláìfù?

Ẹni tó bá gbọ́ àwo yìí dáadáa, ara rẹ̀ á balẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì máa rìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní orin alálàá. Àlá tí mo ń sọ kì í ṣe ti ẹni tó sùn. Àlá ẹni tó lajú sílẹ̀ ni, tó jókòó sórí àpáta, tó ń wo ibi tí ọ̀nà gbà lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń kàwé ní Àkùngbá ló fi àwo náà ránṣẹ́ sórí fóònù màmá mi nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Èmi àti màmá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ́tí títí orin kejì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, wọ́n wá ní, "Ìgbà wo gan-an lẹni yìí máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin?" Mo ní, "Ó ti ń kọ ọ́ látàárọ̀, Màámi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí n pa á. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé orí wọn ti ń mì díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ wọn sì ń ṣa ẹ̀wà bá orin náà lọ. Ìbéèrè tí màmá mi béèrè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè, ó sì yẹ ká dá a lóhùn. Ṣé orin tí kò lọ́rọ̀ nínú lè jẹ́ orin?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ní ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, pé ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Àgídìgbo kò ní ẹnu, kò ní ahọ́n, síbẹ̀ ẹ ní ọ̀mọ̀ràn ń gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹ tún wo àwọn onídùndún. Ìyá-ìlù ló ń sọ̀rọ̀, gbogbo ojú ló sì ń wò ó, ṣùgbọ́n ta ló dúró tì í? Gúdúgúdú ni, tí ń sọ ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí kò ṣáájú, tí kò sì kẹ́yìn. Bí ẹ bá yọ gúdúgúdú kúrò, ìyá-ìlù á máa rìn gbéregbère bí ẹni tó sọnù lọ́jà. Iṣẹ́ gúdúgúdú yìí ni ẹ̀rọ ń ṣe nínú àwo Badarou. Ohùn kékeré kan ń pààrà ara rẹ̀, ó dúró ṣinṣin, kí ohùn mìíràn lè ráyè yí padà. Ẹni tó bá ti fetí sí gúdúgúdú rí kò lè ṣàjèjì nínú Echoes.

Ohun mìíràn wà tó mú mi fẹ́ràn orin tí kò lọ́rọ̀ nínú. Mo fẹ́ràn orin òde ìnáwó wa o. Bí wọ́n bá ń sìnkú àgbà tàbí wọ́n ń ṣègbéyàwó, èmi náà máa ń jó débi tí bàtà á fi máa dùn mí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Olórin á máa wo ojú àwọn tó jókòó, á máa ki ẹni tó lówó lọ́wọ́, owó á sì máa rọ̀ lé e níwájú orí. Ọmọ ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò ní gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú sípíkà yẹn láéláé. Nínú àwo Badarou, kò sẹ́ni tí wọ́n kì, nítorí náà kò sẹ́ni tí wọ́n gbàgbé láti kì. Bí olówó bá gbọ́ ọ, bí tálákà bá gbọ́ ọ, orí ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ wà. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré lójú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò tíì mọ ohun tó máa dà láyé.

Ẹ má sì gbàgbé ariwo. Àwa tó wà ní kíláàsì àgbà ń múra ìdánwò WAEC. Bí ilẹ̀ bá ṣú, sípíkà òde ìnáwó á wà lápá ọ̀tún, ti ìṣọ́ òru á wà lápá òsì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á wà láàárín. Bí mo bá ki íápíìsì bọ etí, tí mo yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, àwo yìí máa ń jẹ́ kí n lè jókòó ti ìwé mi. Orin tó lọ́rọ̀ nínú kì í jẹ́ kí n kàwé, torí ọ̀rọ̀ olórin á máa bá ọ̀rọ̀ inú ìwé jà. Èyí kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

Àwọn kan tún ní, "A kò gbọ́ èdè ibi tó ti wá, kí ló kàn wá?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò pé kò yẹ kó ti ẹnu ará Àkókó jáde. Níbo ni èdè tún pọ̀ sí tó Àkókó? Ẹni tó kúrò ní Ọ̀kà tó dé Àrígìdì ti bọ́ sínú èdè mìíràn. Bó bá dé Ìkáràm, òmíràn ni. Bó bá yà sí Kákùmọ̀ tàbí Àúga, òmíràn tún ni. Ara wa ló ń lọ síbi ọdún ìlú kejì, tí a ń jó orin tí a kò lè túmọ̀ ìlà kan nínú rẹ̀, tí a sì ń padà sílé tí inú wa dùn. Gbogbo wa ló ń pàdé lọ́jà Ìkàrẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń ní kí ẹnì kejì túmọ̀ orin rẹ̀ kí òun tó gbọ̀nsẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a gbọ́ èdè rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́ tiwa, Àkókó ì bá ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ ni ìjà náà ti gbóná jù. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń kọ orin yẹn, kì í ṣe èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí la ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi? Kíbọ́ọ̀dù oníná ni. Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ mi ni. Bó bá tẹ bọ́tìnì kan, ìlù á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá tẹ òmíràn, fèrè á fọn láìsí fèrè níbẹ̀. Kò sí bàbá ìjọ kan tó dìde pé kó dákẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ òyìnbó ni. Ẹbí kan náà ni ẹ̀rọ yẹn àti ti Badarou.

Ẹ wo Ọba Sunny Adé, tí ìdílé ọba ní Oǹdó jẹ́ ìdílé rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wọn, Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta gìtá kan tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bí tábìlì, irú èyí tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń lò. Nígbà tí gìtá yẹn wọ inú jùjú, ta ló ní jùjú ti di ti òyìnbó? Ẹni tó sì bójú tó àwo Synchro System lọ́dún 1983 àti Aura lọ́dún 1984 fún Sunny Adé, ọmọ Faransé ni, Martin Meissonnier lorúkọ rẹ̀. Ìlù ẹ̀rọ wà nínú Aura. Ọdún tí Aura jáde yìí náà ni Echoes jáde, ilé-iṣẹ́ kan náà, Island, ló sì gbé méjèèjì jáde. Bí ọmọ Faransé tó wá bá Sunny Adé ṣiṣẹ́ kò bá sọ jùjú di Faransé, báwo ni ọmọ Dàhòmì tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ṣe sọ ara rẹ̀ di òyìnbó?

Ní ti pé ẹ̀rọ kì í jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ̀rọ tí wọ́n mọ̀ mọ́ Badarou ní àwọn ọdún yẹn ni Prophet-5, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1978. Ohùn márùn-ún péré ló lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìka mẹ́fà bá tẹ̀ ẹ́, ohùn kan gbọ́dọ̀ sọnù. Ẹ̀rọ kò mọ èyí tó dára kó sọnù, èèyàn ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ìgbà tó yẹ kí a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ dídákẹ́ níbi tó yẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì àwo Echoes. Ẹni tó ní ìyẹn kò gba làákàyè, kó jókòó sídìí rẹ̀ kó gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ohun tí a bá tì síta, ẹlòmíràn á gbé e wọlé. Lọ́dún 1990, ẹgbẹ́ olórin kan láti ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Massive Attack, mú "Mambo" ti Badarou, wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ orin tiwọn tó ń jẹ́ "Daydreaming". Àlá ojú ọ̀sán ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Orin náà wà nínú Blue Lines, àwo wọn àkọ́kọ́, tó jáde lọ́dún 1991, tí àwọn èèyàn ń yìn títí dòní. Lọ́dún 1998, àwọn ọkùnrin Faransé méjì tí wọ́n ń pe ara wọn ní Air gbé Moon Safari jáde. Àwo tó dùn ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn dárúkọ àwo ẹ̀rọ alálàá kan láti Faransé, òun ni ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n odidi ọdún 14 ló wà láàárín Echoes àti Moon Safari. Ọmọ Dàhòmì ti gba ọ̀nà yẹn kọjá kí wọ́n tó débẹ̀.

Ẹ tún wo Nàìjíríà tiwa. Ní Enugu, William Onyeabor fi synthesizer ṣe àwo lẹ́sẹẹsẹ láàárín ọdún 1977 sí 1985. Lẹ́yìn náà ó pa orin ayé tì, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún 2013, ilé-iṣẹ́ Luaka Bop ní New York ṣa àwọn orin náà jọ, wọ́n tún wọn gbé jáde, àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn. Onyeabor kú ní oṣù Kìíní ọdún 2017. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè òkun ni orúkọ rẹ̀ gbà dé etí mi. Ṣé bí a ó ṣe máa ṣe é lọ nìyí? Kí a máa pe tiwa ní ti òyìnbó títí òyìnbó á fi gbà á gbọ́, kí a wá máa fi owó ra tiwa padà lọ́wọ́ wọn?

Olùkọ́ wa kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò rọrùn láti fèsì. Wọ́n ní, "Kí ọmọ Ọ̀kà tó máa gbọ́ orin ará Faransé, ṣé ó mọ orin bàbá rẹ̀?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ oríkì ara wa dé ìdajì. Ọ̀pọ̀ kò mọ orin tí wọ́n fi ń ṣọdún ní àdúgbò tí wọ́n bí wọn sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Badarou ló kó o pamọ́ fún wa. Ta ló ń kọ́ wa? Ilé-ìwé tí mò ń lọ kò ní olùkọ́ orin, kò sì ní ìlù kan ṣoṣo. Bí a bá lé ọmọ kúrò nídìí Echoes lónìí, kò sí ìjókòó ìjálá kankan tó ń dúró dè é. Ìdí ariwo ló máa padà sí. Mo sì rò pé etí tó ti kọ́ bí a ṣe ń fara balẹ̀ gbọ́ ohun jẹ́jẹ́, òun ni etí tó lè gbọ́ ìyá àgbà nígbà tí wọ́n bá ń fi ohùn kékeré ki ọmọ wọn ní ìdájí. Etí kì í kún. Ọmọ lè gbọ́ méjèèjì.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé orin alálàá á sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Mo mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù. Wọ́n ti rí ọmọ tó jókòó ti fóònù láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ìka rẹ̀ ń sún ojú fóònù sókè, tí kò ka nǹkan kan, tí kò sì ṣe nǹkan kan. Èmi náà kò fẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àlá àti ọ̀lẹ kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹni tó kọ́kọ́ rò ó lọ́kàn pé a lè gbẹ́ igi, ká fi awọ bò ó lójú, ká fi ọsán dè é, kó sì máa sọ̀rọ̀ bí èèyàn, alálàá ni. Bí wọ́n bá ti lé e nídìí àlá rẹ̀, a kì bá má ní dùndún tí a fi ń yangàn lónìí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mò ń sọ. Ní ilé-ìwé kan tí mo mọ̀ dáadáa, kíbọ́ọ̀dù kan wà lábẹ́ aṣọ. Ọjọ́ tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀ tàbí ọjọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi fóònù àlòkù tí ojú rẹ̀ ti sán to orin tirẹ̀ jọ nígbà ìsinmi ráńpẹ́. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n nà án, wọ́n sì ní iṣẹ́ ọmọ ìta ló ń ṣe. Mo mọ̀ pé òfin wà lórí fóònù, n kò sì ní kí wọ́n má gba èyí tó bá rú òfin. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọmọ kan náà ló tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ìjọ, ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbi tí wọ́n ti nà án sì wà níbẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Báwo ni ìka kan náà ṣe jẹ́ ti Ọlọ́run lọ́jọ́ Ìsinmi, tó wá di ti ọmọ ìta lọ́jọ́ Ajé? Látìgbà náà, ọmọ yẹn kò to orin jọ mọ́. Bóyá á tún bẹ̀rẹ̀, bóyá kò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ àròkọ yìí, torí pé a lè ní Badarou tiwa nínú kíláàsì kí a sì fi pàṣán lé e jáde.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀, kò sì ní ná ẹnikẹ́ni lówó gọbọi. Ẹ ká aṣọ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ fún wa ní wákàtí kan lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá parí. Ẹ bá wa pe onílù kan láti inú ìlú kí wọ́n wá jókòó tì wá, kí wọ́n fi hàn wá bí gúdúgúdú ṣe ń di ẹsẹ̀ orin mú, kí àwa náà fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ Aura, ká gbọ́ Echoes tẹ̀ lé e, ká sì jiyàn lé wọn lórí bí a ṣe ń jiyàn lórí ìwé lítíréṣọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán tó ní òun kò fẹ́ ẹ, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ẹni tó kọ̀ ọ́ kó tó gbọ́ ọ ni n kò lè dá láre.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin náà, ẹ yé pe ohun tó bá rọra ń sọ̀rọ̀ ní òkú. Ẹ gbọ́ ọ dópin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin àgbà, ọmọ Ọ̀kà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, bó bá wálé nígbà Kérésìmesì, ọmọ Ọ̀kà lẹ máa ń pè é. Bí Yorùbá rẹ̀ tilẹ̀ ń kọ́lẹ̀, ẹ ó gbá a mọ́ra, ẹ ó fún un níyán jẹ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún orin tí ọmọ wa lọ bí sókè òkun. Ìlù wa ni ìlù, kò sẹ́ni tó ń bá a du ipò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà, ibi yòówù kí wọ́n ti rọ ọ́, bí ọwọ́ wa bá ti wà lórí rẹ̀, tiwa ni.